Kí Ni Kẹ́hìndé Fẹ́ Wọ̀?

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹrin, 2025

Òjò rọ̀ láti ìdájí, wọ́n sì mú iná lọ kí n tó lọ aṣọ tán. Aṣọ rúnrún ni mo wọ̀ lọ sí iṣẹ́. Àǹfààní rédíò nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń rí ẹni tó ń bú ìmúra ọmọlọ́mọ.

Kí n kọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn sílẹ̀. Iléyá ti ń sún mọ́lé. Láti ìgbà tí Màmá mi, Fàòsíyà Kẹ́hìndé, àti ìkejì rẹ̀, Màmá Táyé, ti wà lọ́mọge, kò sí Iléyá kan tí wọn kò dá aṣọ kan náà, kí wọ́n jókòó síwájú ògiri ilé wa ní Òkèrèwè, kí wọ́n ya fọ́tò. Àwọn fọ́tò ọ̀hún tò sí pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tẹlifíṣọ̀n. Nínú oṣù Kejì, Màmá Táyé fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Màmá ò jáde kọjá géètì. Ìró kan náà ló ń fọ̀, òun náà ló ń ró. Lónìí mo bi í pé kí ni yóò wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó ní, "Aṣọ wo? Ta ló ń lọ síbì kan?"

Roqeeb, ọmọ Màmá Táyé tó ń ta pákó ní Edunabon, pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Màmá ò bá ní jáde síta lọ́dún yìí, èmi ò ní wá sí Ifẹ̀ o. Ìyá wo ni mo fẹ́ wá kí?" Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, pé Màmá á múra, Màmá á jáde, wọ́n á sì ya fọ́tò. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnu mi yá jù!

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, mi ò lọ síbì kan. Mo jókòó ti Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó jẹ́ ká jọ ṣí àpótí aṣọ. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀dà rẹ̀ wà ní yàrá kejì, yàrá Màmá Táyé. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn èèyàn lórí rédíò: "Kí ló dé tí ẹ fi mú èyí?"

"Táyé ló mú un."

"Èyí ńkọ́?"

"Táyé náà ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín, àwọ̀ wo lẹ fẹ́ràn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè Haúsá. "Àwọ̀? Táyé fẹ́ràn búlúù."

"Màmá, ẹ̀yin ni mo bi."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ̀ pé èmi ni mo rán an wá tọ́ ayé wò ni? Ohun tó bá tọ́ wò tó ní ó dùn, òun ni mo ń jẹ. Aṣọ tó bá ní ó dára, òun ni mo ń wọ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀."

Ẹnu yà mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi gbogbo Ifẹ̀ ní ìbéèrè yìí, mi ò bi ìyá mi rí. Ta ni obìnrin yìí gan-an? Kí ló wù ú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Ètò mi ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ṣòkòtò. Ṣòkòtò ńlá tí bàbá mi wọ̀ nígbà ọ̀dọ́ ti padà dé, àwọn ọmọ yunifásítì ń fi í gbá títì. Ọkùnrin kan pè láti Mọdákẹ́kẹ́, ó ní ìyá tó bí ọmọ tó ń wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún ló yẹ kí wọ́n bi léèrè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí oníkálukú wọ ohun tó wù ú." Ohun tó yẹ kí n sọ lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Níbí yìí, mo lè sọ tòótọ́. Ṣé ó wù wọ́n lóòótọ́? Àbí fóònù ló mú un fún wọn? Mo dúró ní Lágere lọ́sàn-án, mo ka ọmọbìnrin mélòó kan tó wọ irú àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan náà bí aṣọ ìta, irun kan náà, gíláàsì ojú kan náà. Ojú wọn gan-an ti fẹ́ di ọ̀kan náà. Fọ́tò tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára, fílítà ti bó gbogbo ẹ̀ bí ẹyin sísè, kò sí kókó, kò sí àpá, kò sí ibi tí wọ́n ti ṣubú rí. Fíìmù náà ńkọ́? Obìnrin ń jí lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀. Ta ló kun ọ̀dà fún aláìsàn?

Ó jọ pé gbogbo wa la ní Táyé tiwa tó ń bá wa mú aṣọ. Ti Màmá ṣáà fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Mo rí i! Ní ìsàlẹ̀ àpótí Màmá, àǹkárá tuntun, búlúù tó ní funfun wínníwínní bí ìrẹsì, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Màmá Táyé ló rà á wá láti ọjà Gbági nígbà Kérésì, ó sì pọ̀. Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn: bí mo bá rán an sí àrà tó lòde báyìí, bí Màmá bá rí aṣọ tó ti ṣe tán, á wọ̀ ọ́. Ohun tó bá yá kì í pẹ́ mọ́. Mo fi í sínú báàgì iṣẹ́, mo gbé e lọ bá Bọ̀dá Fọláránmi, télọ̀ wa. Gáùn ni fún Màmá, pẹ̀lú apá tó wú. Aṣọ ṣì kù, mo ní kí wọ́n fi dá èwù alásopọ̀ mọ́ ṣòkòtò fún èmi náà.

Bọ̀dá Fọláránmi gbé sísọ́ọ̀sì, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. "Fàrídà, ṣé gbogbo ẹ̀ ni kí n gé?"

"Ẹ gé e, Bọ̀dá. Kí lẹ tún ń wò?"

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Mo wọ tèmi, mo gbé ti Màmá dání nínú ọ̀rá, mo wọ pálọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó tú u. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà lára. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀, inú mi sì ń dùn. Ó wá gbọn ọ̀rá náà, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Ìkejì dà?"

"Ìkejì kí ni, Màmá?"

Ó gbójú sókè, ó wá rí ohun tó wà lọ́rùn mi. Ó wò mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

"Fàrídà. Ta ló ní kó o gé aṣọ Táyé?"

Mo ní mo rò pé tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Tèmi wà ńbẹ̀, tirẹ̀ wà ńbẹ̀. Ìgbà wo ni ẹyọ kan wọ ilé yìí rí? Nígbà tí wọ́n bí wa, ẹni tó bá gbé ẹyọ fìlà kan wá, ẹnu ọ̀nà ni ìyá wa ti ń dá a padà. Bí ọ̀kan bá wá rìnrìn-àjò, ṣé kí ẹ pín ìpín rẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Kò sí ọmọ tó dàgbà nílé ìbejì tí kò mọ̀ ọ́n: bí o bá ra bàtà fún Kẹ́hìndé, wàá ra ti Táyé, ó wà ńlé o, kò sí ńlé o. A kì í tiẹ̀ fi ẹnu wa pe ikú mọ́ ìbejì, ìrìn-àjò là ń pè é. Èmi tí mo ń kọ́ gbogbo ìlú ní ìmúra, apá aṣọ ni mo ń wò, mi ò wo ẹni tó ni ín.

Màmá ká gáùn náà padà sínú ọ̀rá, ó fi í kọ́ mi lọ́wọ́. Kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí iná.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọjà láti wá irú àǹkárá náà. Ní Ọjà Titun, obìnrin tí mo fi aṣọ hàn rẹ́rìn-ín. "Ẹyọ Ìrẹsì? Ti Kérésì nìyẹn, àǹtí. Ó ti kúrò lórí àtẹ. Èyí tó lòde báyìí ni Ọkọ Mi Ò Gbọ́." Ta ló ń sọ aṣọ wọ̀nyí lórúkọ? Mo bi í. Ó ní àwọn oníbàárà ni, àwọn oníbàárà ní àwọn olọ́jà ni. Mo kọjá sí Mọdákẹ́kẹ́, òjò ká mi mọ́ abẹ́ àtíbàbà oníbàtà kan. Níbẹ̀ náà, ó ti tán. Mo pe ẹnì kan ní Gbági, ó ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá tún un tẹ̀.

Oṣù márùn-ún péré, aṣọ ti darúgbó! Aṣọ òfì ìyá bàbá mi ṣì wà nílé tó ń dán. Mi ò sọ pé ìgbà àtijọ́ dára jù o, òfì ọ̀hún wúwo bí ẹrù igi. Mo ṣáà ń rò ó ni: ta ló ń lé wa?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn ètò, mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń kọrin àsálátù wọn, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Á gbè é, á dákẹ́. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè dá ìlà kan ló máa fi dákẹ́, á tún gbè. Màmá Táyé ló máa ń dá orin. Màmá ò dá orin rí láyé rẹ̀.

Mo yára wọlé, mo sunkún sínú tówẹ́ẹ̀lì.

Àárọ̀ yìí gan-an ni mo ń ṣàròyé lórí rédíò pé orin ayé òde òní, ègbè ni gbogbo rẹ̀, kò sí orin nínú rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n á máa pè títí ẹsẹ̀ á fi rẹ oníjó. Mi ò tíì yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ègbè tó dá dúró lónìí, mi ò sì lè bú u.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Adébáyọ̀ tó máa ń ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ wa ní òun mọ ọ̀nà. Ó ní kí n fún òun ní fọ́tò Màmá Táyé kan àti ti Màmá kan, pé ẹ̀rọ á so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó lánàá. Kò tó wákàtí kan tó fi ránṣẹ́. Ó dára lójú! Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i dáadáa, aṣọ ń dán. Mo sáré lọ fi han Màmá.

Ó gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Wọ́n lẹ́wà," ó ní. "Ọmọ ta ni wọ́n?"

Mo gbà á, mo tún un wò. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn! Ẹ̀rọ ti pa á rẹ́. Ó ti dí ojú wọn bí ògiri tí wọ́n rẹ́, ó sì fún àwọn méjèèjì léyín tí ẹnì kankan ò ní nílé wa. Nígbà tí mo sọ fún Adébáyọ̀, ó ní, "Háà, ó rò pé àpá ni. Àpá ló máa ń nù." Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ̀rọ náà pé ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Ṣùgbọ́n Màmá bá mi sọ̀rọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá ṣe pé ẹ̀fẹ̀ ni, mo gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún

Mo wo fíìmù kan nítorí ètò ọ̀sẹ̀ yìí. Ìtàn rẹ̀ kò ní iyọ̀. Ṣùgbọ́n òṣèrébìnrin kan ṣoṣo ló ṣe ìbejì méjèèjì, wọ́n jókòó sórí àga kan, ọ̀kan ń bú èkejì, ìjókòó wọn ò sì jọra rárá. Mo dá a padà, mo tún un wò, mo tún un wò. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Adébáyọ̀ ní kò le. Kámẹ́rà ò ní mira, wọ́n á yà á lápá ọ̀tún, á dìde, á lọ sápá òsì, wọ́n á tún yà á, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀. "Nǹkan àtijọ́ ni," ó ní. "Bàbá Èṣùbíyì ní Mọdákẹ́kẹ́, tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ fọ́tò, ló máa ń ṣe é fún àwọn ìbejì."

"Fún àwọn ìbejì báwo? Ṣé àwọn ìbejì kì í ṣe méjì tẹ́lẹ̀ ni?"

Adébáyọ̀ ní, "Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Èmi àti Adébáyọ̀ lọ sí Mọdákẹ́kẹ́. Bàbá Èṣùbíyì ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn le koko. Wọ́n ní kí n jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí àwọn lè rí ìrísí mi.

Wọ́n ní, "Àwọn Mùsùlùmí ò fẹ́ ère ìbejì nílé, àwọn onígbàgbọ́ náà ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ rìnrìn-àjò ṣì fẹ́ rí wọn ní méjì. Ó fẹ́ gbé wọn kọ́ sára ògiri. Á gbé èyí tó kù wá. A ó gbé e jókòó sápá ibí, a ó yà á. A ó gbé e lọ sápá ọ̀hún, a ó yà á. Nínú yàrá òkùnkùn, èmi á so wọ́n pọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ọmọ náà ńkọ́? Kí lẹ máa ń sọ fún un?"

"A ó ní, ìwọ ni Táyé. Ó tán, ó yá, ìwọ ni Kẹ́hìndé."

"Ṣé ó máa ń yé e?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n máa ń yàtọ̀, ọmọ mi. Ojú kan náà, ọmọ kan náà, á jókòó lọ́tọ̀. Mo fi gbogbo ayé mi wò ó, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un." Wọ́n wá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n ọmọ wẹ́wẹ́ nìyẹn o. Èmi ò ya àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ rí."

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Mo sọ fún Màmá. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, láìfi ọ̀kan pa mọ́: fíìmù, Bàbá Èṣùbíyì, ìjókòó apá ibí àti ìjókòó apá ọ̀hún. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí mi ò tíì tọrọ àforíjì dáadáa nípa aṣọ.

Ó gbọ́ mi tán. Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ dé ìdí, kó tó dáhùn.

"Aṣọ Táyé dà?"

Mo ní mo ti gé e, Màmá.

"Mo mọ̀ pé o ti gé e. Mo ní, ó dà?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Karùn-ún

Bọ̀dá Fọláránmi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwọ̀n aṣọ nà mí. Àsìkò Iléyá, aṣọ àwọn oníbàárà ga dé òrùlé, èmi wá gbé èyí tí wọ́n ti rán wá pé kí wọ́n tú u. "Fàrídà! O ní kí n gé e, mo gé e. Ṣé iyán ni wọ́n pè é, tí wọ́n á tún gún?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo máa tú u fúnra mi."

Wọ́n fún mi ní abẹ́ àti àpótí ìjókòó. Láti àárọ̀ títí di àsárì ni mo fi ń tú èwù alásopọ̀ àti gáùn, ojú rírán kan lẹ́yìn òmíràn. Ìka mi bó. Bọ̀dá wá yọjú, wọ́n ń tò ó sílẹ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fi ẹnu pọ́n òwú. Apá gáùn tó wú á di ìpìlẹ̀ bùbá kan. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi méjèèjì á so pọ̀ di ìró. Wọ́n ní bùbá méjì á dé, ìró méjì á dé, ṣùgbọ́n èyí kejì á ní ojú àsopọ̀ lẹ́yìn, gbàgàdà bí ọ̀nà rélùwéè.

"Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn, Bọ̀dá. Kámẹ́rà kì í wo ẹ̀yìn."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Òun náà ò ní wo ẹ̀yìn?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Aṣọ ti dé. Màmá yí ti Táyé sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ojú àsopọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ó ní. Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni, bóyá èébú ni. Ó gbé méjèèjì wọ yàrá, kò sọ pé òun á wọ̀ ọ́, kò sọ pé òun ò ní wọ̀ ọ́.

Àgbò ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú jẹ. Àwọn èèyàn ń lọ bèèrè iye rẹ̀ lọ́jà, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń padà sílé. Roqeeb ní òbúkọ ọ̀dá lòun máa gbé wá, pé bó bá jẹ́ pé òun máa wá ni o. Ó ní, "Ṣé Màmá ti ní àwọn á jáde?" Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Àràfà. A gba ààwẹ̀. Òjò tún rọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá wà ní títì, mo fi etí tì í, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 oṣù Kẹfà. Iléyá

Màmá ò lọ sí yìdì. Gbogbo àdúgbò ló lọ, àwọn kan ti ń bọ̀, ìkíni ló gba gbogbo ojú ọ̀nà, "Ẹ kú iléyá," "Ẹ kú ọdún o." Mo tún wo yàrá: ilẹ̀kùn wà ní títì. Roqeeb dé láti Edunabon pẹ̀lú ọ̀dá rẹ̀, ó kí wa lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń bèèrè, mo gbọn orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́." Adébáyọ̀ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ní iwájú ògiri, ó gbé àpótí ìjókòó méjì sílẹ̀, ó sì jókòó tì í bí ẹni pé ó dájú pé Màmá á jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Mo ronú pé màá lọ sọ fún Roqeeb pé kó máa bínú, pé ẹnu mi ló yá jù, pé a ò rí ìyá wa mú jáde.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò. Ẹyọ Ìrẹsì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wé gèlè lọ́nà tó máa ń gbà wé e, kékeré, tó sún sẹ́yìn. Roqeeb dọ̀bálẹ̀ síbi tó wà, lórí ilẹ̀ tútù, kò dìde. Màmá fọwọ́ kàn án lórí, ó kọjá, ó jókòó sí àpótí apá òsì, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe wà nínú gbogbo fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Adébáyọ̀ yà á.

"Ó tó," Màmá ní. "Ẹ dúró dè mí."

Ó wọlé. Adébáyọ̀ sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé kò yẹ kó pààrọ̀ aṣọ, pé aṣọ kan náà ni. Mo ní kó dákẹ́. Nígbà tó jáde, aṣọ Táyé ló wọ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo rí ojú àsopọ̀ náà bó ṣe ń kọjá. Gèlè ti sún síwájú, ó ga. Ó ń rìn gìrìgìrì. Mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn láti kékeré, mo sì ti gbà pé mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ó jókòó sí àpótí apá ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ kan sí ìbàdí, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Roqeeb, dìde nílẹ̀ tútù, ṣé o fẹ́ kí òtútù pa ọ́ ni? Fàrídà, kí lò ń wò? Ṣé o ò rí èèyàn rí?"

Ẹ gbà mí! Ohùn Màmá Táyé ni. Kì í ṣe àfarawé bí àwọn òṣèré ṣe máa ń ṣe é, tí wọ́n á máa sọ ọ́ di àṣejù. Ó ṣáà wà níbẹ̀ ni. Roqeeb bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá mi o," ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Èṣùbíyì sọ tòótọ́, wọ́n máa ń yàtọ̀. Mi ò mọ ibi tó ti mú un, mi ò sì ní bi í. Adébáyọ̀ yà á.

Mo rò pé ó parí. Mo ti ń kó àpótí ìjókòó nílẹ̀. Màmá dìde, ó ṣí gèlè kúrò lórí, ó nà án lé apá mi. Ó wá dúró níwájú mi, ó ń wo àyà mi. Bùbá tí mo wọ̀ lónìí, olómi ọsàn ni, ó ń tàn yanran, ọjà òkìrìkà ni mo ti rà á, Màmá Táyé ì bá ti lé mi padà wọlé lọ bọ́ ọ.

"Bọ́ ọ fún mi," Màmá ní.

"Kí ni, Màmá?"

"Bùbá ọrùn rẹ. Mo ti ń wò ó láti àárọ̀ lójú fèrèsé. Bọ́ ọ, wá nǹkan míì wọ̀."

Mo sáré wọlé, mo jù ú fún un láti ẹnu ọ̀nà, mo fa híjáàbù mi bo ara. Ó wọ̀ ọ́ lé ìró búlúù. Kò bára mu rárá! Ká ní ẹlòmíì ló wọ irú rẹ̀, màá fi gbogbo ọ̀la sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Ó há a lápá díẹ̀. Ó na apá sókè, ó yí i padà, ó ń wo ara rẹ̀. Ó wá kọjá lára àpótí méjèèjì, ó kọjá lára ògiri, ó ṣí géètì, ó bọ́ sí títì. Òun nìkan. Àwọn tó ń bọ̀ láti yìdì dúró, wọ́n ń pè é, "Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé, ẹ kú ọdún o!" Ó dá wọn lóhùn. Adébáyọ̀ gbé kámẹ́rà, ó sáré tẹ̀lé e, èmi náà sáré.

Mo ní, "Màmá, ṣé àwọ̀ yìí lẹ wá fẹ́ràn?"

Ó tún ara rẹ̀ wò, ó wo oòrùn, ó wo Adébáyọ̀.

"Mi ò tíì mọ̀," ó ní. "Yà á, ọmọ mi, ká wò ó."